Ta Ni Yóò Dáàbò Bo Ọ̀gẹ̀dẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí, Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti ń kọ́ nípa ẹranko. Nígbà tí mo sọ nílé pé ààbò erin ni mo fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí oko wọn kò jìnnà sí igbó Omo, bi mí pé: "Ta ni yóò wá dáàbò bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi?"

UNESCO ti fi igbó Omo sára àwọn igbó tí ayé ń tọ́jú láti 1977. Erin ṣì wà níbẹ̀. Ní 2021, àjọ IUCN kéde pé irú erin inú igbó yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán. Oṣù 22 ni ìyá erin fi ń lóyún, ọmọ kan ló sì sábà máa ń bí. Èyí tí a bá pa kì í tètè ní arọ́pò.

Erin ń jẹ èso òro, tí a ń fi kóró rẹ̀ se ọbẹ̀ àpọ̀n. Ó ń yàgbẹ́ kóró náà sí ọ̀nà jíjìn, igi tuntun a sì hù. Ṣùgbọ́n bí gẹdú ṣe ń tán, tí oko kòkó ń wọ inú igbó, ojú ọ̀nà erin ti di oko èèyàn.

Ní Kẹ́ńyà, àwọn àgbẹ̀ kan ń so ilé oyin yí oko ká, torí erin ń bẹ̀rù oyin. Wọ́n sì ń rí oyin tà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, wọ́n ní bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Àgbẹ̀ tó bá mọ̀ pé a ó gbọ́ ẹjọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun ni yóò sọ ọ́ fún ẹ̀ṣọ́ igbó, tí kò ní sọ ọ́ fún ọdẹ.