Jíjẹ àti Mímu: Ìyàtọ̀ Wọn ní Èdè Yorùbá àti ní Òfin Àwọn Júù

Ìyá mi àgbà, tí ó ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin jíjẹ àti mímu kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ilé ìwòsàn kan, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ jẹun títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ní òwúrọ̀, ó dáhùn pé, “N kò jẹun o, ọmọ mi, gàrí ni mo mu.” Wọ́n sún iṣẹ́ náà síwájú. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Màmá kò purọ́, kò sì ṣàìgbọràn. Èdè rẹ̀ ni ó tẹ̀lé. Òṣìṣẹ́ èbúté Àpápá tí ó bá mu gàrí ní ọ̀sán lè sọ bákan náà pé òun kò tíì jẹun.

Ẹ jẹ́ kí a wo èdè náà. Gàrí tí a bu omi tútù sí, mímu ni. Bí a bá fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀bà, jíjẹ ni. Ẹ̀kọ gbígbóná, a ń mu ún. Bí ó bá dì sínú ewé, a ń jẹ ẹ́. Bí ohun náà ti ń gba ẹnu kọjá ni ọ̀rọ̀-ìṣe wa ń tẹ̀lé.

Àwọn Júù pẹ̀lú ti ro ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀. Nínú Mishnah, àkójọ òfin tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Jésù, ẹni tí ó bá jẹ ohun tí ó tó dàbínù ńlá kan pẹ̀lú kóró rẹ̀ ní Ọjọ́ Ètùtù jẹ̀bi. Ẹni tí ó mu ohun tí ó kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ̀bi pẹ̀lú. Oúnjẹ gbogbo ni a ń rò pọ̀, ohun mímu gbogbo sì ni a ń rò pọ̀, ṣùgbọ́n a kì í ro jíjẹ mọ́ mímu. Dandan ni, nígbà náà, kí a mọ èyí tí í ṣe èwo. Ní ibòmíràn nínú ìwé kan náà, níbi tí ọ̀rọ̀ ohun mímọ́ àti ohun àìmọ́ wà, omi ẹran àti wàrà ń jẹ́ ohun olómi níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń ṣàn. Bí wọ́n bá ti dì, ipò oúnjẹ ni wọ́n bọ́ sí. Ǹjẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ wa nìyí?

Ọ̀nà kẹta ni ti oníṣègùn. Ohun tí ó kù nínú ikùn ni ó ń wò. Ẹni tí a fi oògùn mú sùn lè bì, kí èébì náà sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Gàrí sì rèé, wíwú ni ó ń wú nínú omi!

Nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tún pé, èmi fúnra mi ni mo wí fún un pé, “Màmá, ẹ má jẹun, ẹ má mu gàrí, ẹ má mu ògì.” Ó gbà, iṣẹ́ náà sì yọrí sí rere. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún aláìsàn, ẹ má ṣe fi “Má jẹun” nìkan sílẹ̀; ẹ dárúkọ ohun tí ẹ ń kà léèwọ̀. Àwọn baba wa ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣọ́ ọ̀nà náà ṣe kedere.