Pápá ìṣeré Kégué ní Lomé: bí iná bá kú, etí nìkan ló kù fún èrò

Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹwàá, ọdún 2004 ni. Togo ṣẹ̀ṣẹ̀ na Mali ní àmì ayò kan sí òdo ní pápá ìṣeré Kégué, nílùú Lomé, nínú ìdíje láti lọ sí Ife Àgbáyé 2006. Inú èrò ń dùn. Àfi bí iná ṣe kú lójijì! Nínú òkùnkùn, oníkálukú ń wá ọ̀nà àbájáde, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Èèyàn mẹ́rin ló bá a lọ.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ lórí ohùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé orin àti orúkọ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé nìkan ni sípíkà wà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ojú kò bá ríran mọ́, ohùn tó yé èèyàn ló lè sọ ibi tó yẹ kó gbà.

Kí ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dàrú ní pápá ńlá? Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí sípíkà kan bá wà nítòsí yín, tí òmíràn wà ní mítà 170 sí yín, ọ̀rọ̀ kan náà yóò dé etí yín lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì yóò fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ dé, yóò sì gun èyí tó tẹ̀ lé e lórí.

Ti gbọ̀ngàn tó ní òrùlé tún yàtọ̀. Kọnkéré àti páànù kì í gba ohùn mọ́ra, ńṣe ni wọ́n ń dá a padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà ní Asigamé mọ̀ ọ́n: ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo máa ń dún wọ̀ọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti to aṣọ kún inú rẹ̀, ohùn yóò rọlẹ̀.

Ohun tí Wallace Sabine rí ní yunifásítì Harvard, ní Amẹ́ríkà, nìyẹn. Láti ọdún 1895, ó ń gbé tìmùtìmù ìjókòó wọ gbọ̀ngàn kan tí ọ̀rọ̀ olùkọ́ kì í ti í yé èèyàn. Bí tìmùtìmù ṣe ń pọ̀ sí i ni ohùn ń tètè kú, tí ọ̀rọ̀ sì ń hàn kedere.

Nítorí náà, fífi kún ariwo kọ́ ni àtúnṣe. Ariwo kọ́ ni ọ̀rọ̀. Sípíkà kéékèèké púpọ̀ tó sún mọ́ èrò sàn ju ńlá méjì tó wà lókèèrè lọ. Kí wọ́n ṣètò àwọn tó wà lẹ́yìn kí ohùn wọn má ṣáájú ti iwájú. Nínú gbọ̀ngàn, kí wọ́n fi ohun tó rọ̀ sí ara ògiri àti abẹ́ òrùlé. Kí bátìrì tó dá dúró wà fún sípíkà, kí iná àti ohùn má bàa kú pa pọ̀. Kí ìkéde sì jẹ́ gbólóhùn kúkúrú, ní Èwè àti Faransé.

A kò sọ pé ohùn nìkan tó. Ní Accra, ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún, ọdún 2001, èèyàn 126 kú ní pápá ìṣeré lẹ́yìn tí ọlọ́pàá yin tajútajú, tí èrò sì bá àwọn ẹnu ọ̀nà kan ní títì. Kò sí ìkéde tó lè ṣí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń háyà gbọ̀ngàn fún ìnáwó tàbí ìpàdé ẹgbẹ́, ẹ dán èyí wò kí ẹ tó sanwó. Kí ẹnì kan jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá pẹ̀lú bírò àti ìwé. Kí ẹlòmíràn ka orúkọ mẹ́wàá sínú máìkì. Bí ẹni ẹ̀yìn kò bá rí gbogbo rẹ̀ kọ bó ṣe yẹ, ẹ ní kí wọ́n tún ohùn ibẹ̀ ṣe, tàbí kí ẹ wá ibòmíràn.