Ilé Tí Kì Í Fi Ohun Kan Ṣòfò

Nígbà tí Olúwa wa ti fi ìṣù àkàrà márùn-ún àti ẹja méjì bọ́ 5,000 ọkùnrin, Jòhánù Mímọ́ jẹ́rìí pé ó pàṣẹ fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ láti kó àjẹkù jọ, agbọ̀n 12 sì kún. Ẹni tí ó lè sọ díẹ̀ di púpọ̀ kò jẹ́ kí èérún ṣòfò. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe ìṣọ́ra ní ahun. Ahun a máa fi ohun tí ó yẹ kí ará ilé rẹ̀ jẹ pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣọ́ nǹkan lò a máa rí èrè lára ohun tí àpà sọ nù, ilẹ̀, igbó àti odò a sì ní ìsinmi nítorí rẹ̀. Ibi mẹ́ta ni èyí ti hàn gbangba nínú ilé àgbẹ̀.

IGI ÌDÁNÁ. Igi tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè ní omi nínú tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Kí irú igi bẹ́ẹ̀ tó mú ìkòkò hó, iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ omi inú rẹ̀ tán. Èéfín ni ìyá ilé yóò sì máa rí dípò ooru. Ṣùgbọ́n igi tí a là, tí a sì tò sábẹ́ òrùlé níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Lórí ààrò olókùúta mẹ́ta, apá tí ó pọ̀ jù nínú ooru ni afẹ́fẹ́ ń gbé lọ. Àdògán amọ̀ tí ó yí iná ká a máa darí rẹ̀ sí ìdí ìkòkò. Ẹ̀wà tí a rẹ sínú omi mọ́jú a máa tètè jinná, ìdérí ìkòkò a sì máa dá ooru dúró. Èyí wúlò fún ẹni tí ń fi gáàsì dáná pẹ̀lú. Nígbà tí oúnjẹ bá jinná, kí a fa igi yọ, kí a sì pa á, kí ó lè ṣe ti ọjọ́ kejì.

Kì í ṣe igbó nìkan ni ó ń jèrè èyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín igi, èédú àti kẹrosíìnì tí a fi ń dáná nínú ilé pa ènìyàn bí mílíọ̀nù 3.2 ní gbogbo ayé, àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún sì ju 237,000 lọ nínú wọn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n nídìí iná igi tútù ń mu èéfín náà pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, ìta gbangba tàbí ilé ìdáná tí ó ní fèrèsé ni kí a máa dáná sí.

EÉRÚ ÀTI ÈÈPO. Eérú igi kì í ṣe ìdọ̀tí. Pọ́táàṣì tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fẹ́ràn wà nínú rẹ̀, ó sì ń mú kí ilẹ̀ tí ó kan rọ̀. Ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ tó ní ìdí igi kan. Bí ó bá pọ̀ jù, a máa pa irúgbìn kéékèèké. Kí a má ṣe pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tàbí ti ewúrẹ́, nítorí eérú a máa lé náítírójìn inú ìgbẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, òun ni ó sì ń mú kí ewé tutù yọ̀yọ̀. Ìdí kan náà ni kò fi dára láti máa sun koríko oko lásán: iná a máa gbé oúnjẹ yìí lọ, ṣùgbọ́n bí koríko bá jẹrà, ilẹ̀ ni yóò gbà á padà. Kí a to ewé gbígbẹ, ewé tútù, èèpo iṣu àti ìgbẹ́ ẹran lé ara wọn lábẹ́ ibòòji, kí a máa wọ́n omi sí i, kí a sì máa yí i padà lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta yóò di ilẹ̀dú.

Èèpo kòkó tí a fi sílẹ̀ lábẹ́ igi lẹ́yìn fífọ́ a máa pa àrùn tí ń sọ kòkó di dúdú mọ́ de òjò tí ń bọ̀. Kí a kó o kúrò. Bí a bá sá a gbẹ, tí a sì sun ún, omi eérú rẹ̀ tí a sẹ́, tí a sì sè pọ̀ mọ́ àdín, ni a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Báyìí ni ohun tí ìbá ba oko jẹ́ ṣe di ọjà títà.

Ọ̀RÁ ÀTI OJÚ ODÒ. Ewé tí a fi pọ́n ẹ̀kọ a máa jẹrà láìpẹ́. Ọ̀rá tí ó ti gba ipò rẹ̀ a máa wà nínú ilẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Bí a bá sun ún, èéfín rẹ̀ ní oró. Bí a bá jù ú sí gọ́tà, omi kò rí ọ̀nà kọjá. Ìbàdàn mọ ohun tí èyí ń bí. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, lẹ́yìn òjò ńlá, odò Ògùnpa, tí ìdọ̀tí ti dí, tí ilé sì ti há mọ́, ya wọ inú ìlú. Ènìyàn tí ó ju 100 lọ ni ó kú. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ìkún-omi mìíràn tún gba ẹ̀mí púpọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó ju ọ̀rá kan sí gọ́tà kò rò pé òun ṣe ìlú ní ibi. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Agbọ̀n tí a gbé lọ sí ọjà, ìgò tí a fọ̀ tí a sì tún lò, àti ewé tí a fi di oúnjẹ, owó ni wọ́n dá sí àpò, ọ̀nà ni wọ́n sì là fún omi.

Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ní oṣù kọkànlá, kí koríko tó gbẹ tán, kí a bẹ̀rẹ̀ òkìtì ilẹ̀dú, kí ó lè pé nígbà tí a ó gbin àgbàdo. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, kí a la igi, kí a sì tò ó. Kí àkọ́rọ̀ òjò tó rọ̀ ní oṣù kẹta, kí àdúgbò àti ìjọ jùmọ̀ jáde láti kó ìdọ̀tí inú gọ́tà. Ilé tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò jẹun, aládùúgbò rẹ̀ tí ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò yóò sì sùn ní àlàáfíà.