Oró ara àkèré: níbo ló ti ń wá?

Ẹni tó bá ń tẹ̀lé ìròyìn á ti gbọ́ ohun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì, Sweden àti Netherlands sọ ní oṣù Kejì ọdún 2026: pé oró àkèré Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n bá lára Alexei Navalny, alátakò ìjọba Rọ́ṣíà tó kú sẹ́wọ̀n ní 2024. Rọ́ṣíà ní irọ́ ni. Èmi ò ní bá wọn dá sí ẹjọ́ òṣèlú yẹn. Oró náà fúnra rẹ̀ ló gbà mí lọ́kàn, nítorí ó rọrùn láti rò pé gbogbo ẹ̀dá tó ń ké nínú gọ́tà lálẹ́ òjò, títí dé Kotobabi ní Accra, oró kan náà ló wà lára wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Epibatidine ni orúkọ oró ọ̀hún. John Daly, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Amẹ́ríkà, ló ṣalábàápàdé rẹ̀ lára àkèré tín-ín-tín kan ní Ecuador ní 1974. Nígbà tí wọ́n gún eku lábẹ́rẹ́ rẹ̀, ńṣe ni ìrù eku náà nà ró ṣánṣán, bíi ti eku tí wọ́n fún ní mọ́fíìnì. Agbára rẹ̀ láti pa ìrora tó ìlọ́po 200 ti mọ́fíìnì, àmọ́ ibi tí níkotíìnì inú tábà ń dì mọ́ nínú ara lòun náà ń dì mọ́, ìwọ̀n tó ń pa ìrora àti èyí tó ń pa èèyàn kò sì jìnnà síra. Awọ àkèré 750 ni wọ́n kó jọ, síbẹ̀ ohun tí wọ́n rí fà jáde kò tó nǹkan. Ó di 1992 kí wọ́n tó mọ bí átọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣe so pọ̀.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àkèré náà kọ́ ló ń ṣe é. Èyí tí wọ́n bá sìn nínú ilé láti kékeré kì í ní epibatidine lára. Inú oúnjẹ ló ti ń kó oró jọ, láti ara èèrà àti àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ mìíràn, tó sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú ẹṣẹ́ awọ. Kí ló dé tí kò pa òun fúnra rẹ̀? Ní 2017, àwọn olùwádìí fi hàn pé ẹyọ àsídì àmínò kan ṣoṣo ló yí padà lára purotéènì tí oró náà ń dì mọ́, kò sì rí i dì mú dáadáa mọ́. Kòkòrò wo gan-an ló ń gbé epibatidine, kò tíì sẹ́ni tó rí i mú. Ṣùgbọ́n láti 1993 ni wọ́n ti ń ṣe é nínú láàbù. Nítorí náà, bí ẹ̀sùn yẹn bá jẹ́ òótọ́, èmi ò rò pé ẹnikẹ́ni lọ ṣọdẹ àkèré nínú igbó. Èrò tèmi nìyẹn.

Ọ̀pọ̀lọ́ Kotobabi yàtọ̀. Sclerophrys regularis ni, òun náà la ń rí l'Ékòó àti n'Ìbàdàn. Wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀ méjèèjì, wàá rí i pé ara wú gọngọ níbẹ̀. Ẹṣẹ́ oró nìyẹn. Bí ajá bá deyín mọ́ ọn, oje funfun á tú jáde. Ọ̀pọ̀lọ́ yìí kì í dúró de kòkòrò kó tó ní oró. Kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú ara rẹ̀ ló ń sọ di bufadienolide. Lára sẹ́ẹ̀lì ọkàn, purotéènì kan wà tó ń ti sódíọ̀mù síta, tó ń fa pọtásíọ̀mù wọlé láìsinmi. Oró yìí ló ń dí i lọ́wọ́. Sódíọ̀mù á kún inú sẹ́ẹ̀lì, kálísíọ̀mù á tẹ̀ lé e, ọkàn á máa fún mọ́ra kíkankíkan títí ìlù rẹ̀ á fi dàrú. Bí digoxin, oògùn ọkàn tí dókítà ń kọ fúnni, ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn.

Irú àkèré mìíràn tún wà ní Pendjari, ní àríwá Benin: Phrynomantis microps, tó ń gbé inú ilé èèrà dúdú ńlá tó ń ta ni. Mark-Oliver Rödel àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ ní 2013 pé pépútáìdì méjì inú oje awọ rẹ̀ ló ń pẹ̀tù sí ìbínú àwọn èèrà náà, kí wọ́n má ta á.

Ẹni tó fọwọ́ kan ọ̀pọ̀lọ́ kò ní kú. Kó ṣáà fọ ọwọ́ kó tó fi nu ojú. Kókó tó ń yọ lọ́wọ́ ọmọdé, fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́. Bí ajá bá gé e jẹ, ẹ fi omi ṣan ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kíá. Iyọ̀ tí àwọn ọmọ ń bù lé ọ̀pọ̀lọ́ lórí ni mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ bá wọn wí sí: awọ yẹn náà ló fi ń mu omi, iyọ̀ sì ń fa omi ara rẹ̀ jáde títí yóò fi kú.