Sísùn nínú ọkọ̀ àjàgbé nígbà ooru àti nígbà ọyẹ́

Ní alaalẹ́, ọkọ̀ àjàgbé máa ń tò lọ bẹẹrẹ lẹ́bàá títì láti Òjòó dé Mọ́níyà, àti ní àyíká ọjà màlúù Akínyẹlé. Òmíràn kó màlúù láti òkè Ọya wá, òmíràn kó sìmẹ́ǹtì tàbí àgbàdo. Inú orí ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ náà ń sùn, nítorí wọn kò lè fi ẹrù sílẹ̀. Awakọ̀ tí kò bá rí oorun sùn lóru lè tòògbé nídìí ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì, láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé, ọlọ́kadà àti àwọn tó ń kiri ọjà. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sọ́dọ̀ awakọ̀ nìkan.

Láti oṣù Èrèlè títí di oṣù Igbe ni ooru máa ń mú jù lágbègbè wa. Ìtànṣán oòrùn ń gba gíláàsì wọlé, ó sì ń di ooru tí kò rọrùn láti jáde. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kò ní imú gígùn, abẹ́ ìjókòó gan-an ni ẹ́ńjìnnì wà. Bí wọ́n tilẹ̀ ti pa á, ó ṣì ń tú ooru sókè. Bẹ́ẹ̀ ni ara ní láti tutù díẹ̀ kí oorun tó wọra dáadáa. Nítorí náà, ẹ fi páálí tàbí aṣọ funfun bo gíláàsì iwájú ní kété tí ẹ bá ti gúnlẹ̀ lọ́sàn-án, kí ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó sùn.

Ẹ̀rù olè ni kì í jẹ́ kí àwọn awakọ̀ ṣí fèrèsé lóru. Wáyà tó le pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lójú fèrèsé lè yanjú èyí: afẹ́fẹ́ ń wọlé, ọwọ́ kò wọlé. Fáànù kékeré tó ń lo 20 watt kò lè gbẹ bátìrì. Ní wákàtí 8, kò ní lò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára bátìrì méjì tó kún dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ má so fáànù 12 volt mọ́ iná ọkọ̀ tó jẹ́ 24 volt. Ó lè gbiná.

Aṣọ tútù tí a fi kọ́ ojú fèrèsé ń ṣiṣẹ́ gan-an nígbà ọyẹ́ àti ní òkè Ọya, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ, nítorí omi tó ń gbẹ ń gba ooru lọ. Nígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín, kò wúlò mọ́. Ṣe ni yóò kàn mú inú ọkọ̀ móoru sí i.

Ohun tó léwu jù ni fífi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí ẹ̀rọ amúlétutù lè máa ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Èéfín tí a ń pè ní carbon monoxide kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń sùn lè má jí mọ́. Níbi tí ọkọ̀ bá ti fara kanra, sàláńsà ọkọ̀ kejì lè kọjú sí fèrèsé yín, bí ẹ tilẹ̀ ti pa ọkọ̀ tiyín. Ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti ọdún 2008, òfin kò gbà kí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí awakọ̀ ń sùn sínú rẹ̀ tan ẹ́ńjìnnì lórí ìdúró ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Èéfín kan náà ló wà nínú èédú. Nígbà ọyẹ́, kúbùsù ni kí ẹ fi bora. Ẹ má gbé iná èédú wọ inú ọkọ̀, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì máa ń rò pé ibà ni. Bí ẹ bá kanlẹ̀kùn ọkọ̀ tí ẹni inú rẹ̀ kò dáhùn, ẹ ṣí i, ẹ gbé e síta síbi afẹ́fẹ́, kí ẹ sì pe 615 tàbí nọ́ńbà 122 ti àjọ FRSC lójú ẹsẹ̀.