Tọ́bò olówó pọ́ọ́kú tó fẹ́ẹ́ sọ típà ẹ̀gbọ́n mi di ilé adìyẹ l'Álábàtà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ojú ọ̀nà Alábàtà dáadáa l'Abẹ́òkúta, ẹ mọ̀ pé láti ìyànà Camp títí dé géètì FUNAAB, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa rìn tí ẹ kò ní í pàdé típà. Òkúta ni wọ́n ń kó láti àwọn kúárì tó wà lágbègbè Odẹ́dá, bí ọ̀kan bá ti kọjá, òmíì ti ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn típà yẹn, ti ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọkọ̀ ọ̀hún ló sì ku díẹ̀ kí àwọn adìyẹ àdúgbò máa yín ẹyin sínú ẹ̀. Ohun tó fà á kò ju tọ́bò lọ.

Dongfeng ni típà náà, ẹ́ńjìnnì Cummins 6BT ló wà nínú ẹ̀, onísílíńdà mẹ́fà, lítà 5.9. Owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi yá fi rà á, wọn ò sì tíì san án tán. Oṣooṣù ni wọ́n ń san, wọ́n kò sì gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ kan yẹ̀ ẹ́, torí ẹni méjì ló dúró fún wọn, ọ̀kan nínú ẹni méjì ọ̀hún sì ni àna wọn. Ṣé ẹ ti mọ ìtìjú tó wà níbẹ̀?

Lọ́jọ́ tí nǹkan yíwọ́, ọkọ̀ ń gun òkè tòun tòkúta lẹ́yìn ẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Èéfín aláwọ̀ búlúù bo gbogbo ẹ̀yìn, agbára ọkọ̀ sì lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Dírẹ́bà yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Ó ní, "Ọ̀gá, tọ́bò ti lọ o."

Kí ló ń jẹ́ tọ́bò? Bí èèyàn ṣe ń mí ni ẹ́ńjìnnì ń mí. Èéfín tó ń gba sàlẹ́ńsà jáde, agbára ṣì wà lára ẹ̀, ìnáwó ló ń bá lọ. Tọ́bò ló máa ń gba agbára yẹn padà. Èéfín gbígbóná á yí abẹ̀bẹ̀ kan, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so abẹ̀bẹ̀ yẹn pọ̀ mọ́ ìkejì ẹ̀, ìkejì á wá máa fa afẹ́fẹ́ látìta, á máa tì í sínú ẹ́ńjìnnì tipátipá. Bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀, dísù tó lè jó níbẹ̀ á pọ̀, agbára á pọ̀. Ará Switzerland kan, Alfred Büchi, ló gbàwé àṣẹ lé ọgbọ́n yìí lórí lọ́dún 1905. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo wí yẹn lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Orí ọ́ìlì ló ń léfòó sí. Ọjọ́ tí ọ́ìlì ò bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kì í lò tó ìṣẹ́jú mélòó kan tó fi máa ń kú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ò ní sùúrù. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ra tọ́bò òmíì lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta pátì. Tọ́bò náà tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì, ara ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ fẹ́ẹ̀ẹ́ tó lítà 10 ni wọ́n ti tú u, iye tó sì pè é kéré sí ti ojúlówó. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wo bó ṣe tóbi, ẹ̀ ń jẹ àǹfààní ni." Ẹ̀gbọ́n mi gbà. Ẹnu ẹ̀ ò bá ti ẹ́ńjìnnì mu, wẹ́dà ló bá wọn gé irin pẹlẹbẹ, ló jó o mọ́ ọn kó tó lè wọlé.

Ọkọ̀ ṣáná, inú gbogbo wa dùn. Àfi ìgbà tó dẹrù. Bí dírẹ́bà bá tẹ̀ ẹ́, èéfín dúdú kìjikìji á kọ́kọ́ tú jáde bí ẹni ń sun búrẹ́dì, ọkọ̀ ò ní í lọ. Ìgbà tí tọ́bò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, dírẹ́bà ti gbọ́dọ̀ pààrọ̀ jíà, ni tọ́bò á bá tún padà sùn. Òkè tí wọ́n ti ń gùn láti ọjọ́ yìí, ọkọ̀ kọ̀ ọ́. Dísù tó ń mu wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n gbé e kalẹ̀ sẹ́yìnkùlé.

Ibẹ̀ lọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti dá sọ́rọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, Golf àlòkù kan wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò sì sóhun tó ń wò lórí fóònù ju eré ìje mọ́tò tí àwọn Amẹ́ríkà ń pè ní drag lọ. Mọ́tò méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iná á yọ, wọ́n á sáré 402 mítà lójú ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló jẹ. Ọdún 1950 ni wọ́n ti ṣí pápá tí wọ́n ti ń gbowó fún un sí Santa Ana ní California, Wally Parks sì dá ẹgbẹ́ wọn, NHRA, sílẹ̀ lọ́dún 1951. Àwa tá a jẹ́ àgbà ti ń pariwo lé ọmọ yìí lórí pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ló ń wò.

Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi sọ fún Dádì. Kì í ṣe gbogbo àwọn tó ń sá eré yìí ló lówó. Àwọn mẹ̀kúnnù inú wọn, ibi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n ń lọ. Tọ́bò Holset HX35 ni wọ́n ń wá, tara Dodge Ram oní dísù. Cummins lítà 5.9 ló wà nínú Dodge yẹn, bíi ti típà Dádì gẹ́lẹ́."

Mo wádìí ẹ̀, òótọ́ ni. Huddersfield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni iléeṣẹ́ Holset ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1952, Cummins sì rà á lọ́dún 1973. Torí pé iṣẹ́ àṣelàágùn ni wọ́n ṣe tọ́bò yìí fún, kì í tètè kú, owó ẹ̀ sì mọ níwọ̀n nílé àlòkù. Ìdí nìyẹn tí àwọn onídrag tí kò lówó fi fẹ́ràn ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá kiri l'Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ta pátì ọkọ̀ ńlá nílẹ̀ wa níbí náà ń tà á.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bí wọ́n bá ń wá a, kí wọ́n wá ra èyí tó bàjẹ́ yìí."

Ṣùgbọ́n ọmọ náà ò dákẹ́. Ó ní ohun tí àwọn tó ń sáré fi ń tan ara wọn náà ni ẹni tó ta ọjà fún Dádì fi tàn wọ́n. Tọ́bò ńlá kì í jí bí èéfín ò bá pọ̀. Ẹni tó ń sá 402 mítà lè mú un mọ́ra, torí kó tó gbéra ló ti máa tẹ ẹ́ńjìnnì ẹ̀ débi tó ń ké, kò sì ní í sọ ọ́ kalẹ̀ títí tó fi máa dé òpin. Ta ló fẹ́ẹ́ fi típà olókùúta ṣe bẹ́ẹ̀? Típà ń gbéra jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ìsàlẹ̀ ló ti nílò agbára. Èyí tó bá kéré jù náà níṣòro tiẹ̀, á tètè jí, ṣùgbọ́n á fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn bí eré bá ti ń pọ̀. Èyí tó bá ẹ́ńjìnnì mu ni kéèyàn rà.

Ká má parọ́, ojú ti àwa àgbà díẹ̀. Bí a ṣe gbéra lọ sí Ládípò ní Muṣin nìyẹn, èmi, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ẹ̀ àti bàbá mẹkáníìkì kan tó ti pẹ́ nídìí ọkọ̀ dísù.

Ká tó lọ, bàbá yìí ti tú tọ́bò tó kọ́kọ́ kú wò. Ó ní ká wá fọwọ́ kan abẹ̀bẹ̀ tó ń fa afẹ́fẹ́. Etí ẹ̀ ti jẹ tẹ́ẹ́rẹ́, ó mú bí abẹ. Rọ́bà tó ti ibi fíltà wá ti ya lábẹ́, níbi tójú ò tó, eruku òkúta ló sì ń gba ibẹ̀ wọlé láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ ò rí nǹkan! Rọ́bà lásán.

Oríṣi tọ́bò mẹ́ta lẹ máa rí lọ́jà. Tòkunbọ̀ wà, tuntun wà, èyí tí wọ́n tún inú ẹ̀ ṣe náà wà. Ẹ má rò pé gbogbo tuntun tó bá ti Ṣáínà wá ni ayédèrú, Holset gan-an ní iléeṣẹ́ sí Wuxi níbẹ̀. Ayédèrú ni èyí tí wọ́n lẹ orúkọ olórúkọ mọ́, tí nọ́ńbà ara ẹ̀ ò ṣe é kà. Ní tèmi, ibi tówó ti lè dín kù jù ni kéèyàn ra inú tọ́bò nìkan, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ àti abẹ̀bẹ̀ méjèèjì tí wọ́n ti wọn dọ́gba, kó sì dá a padà sínú ilé ẹ̀ àtijọ́. Ohun tí a fẹ́ẹ́ ṣe nìyẹn, àmọ́ abẹ̀bẹ̀ ti ha ilé náà nínú kọjá àtúnṣe, a ní láti ra odidi.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, bàbá kò bèèrè iye ẹ̀ rárá. Ó kọ́kọ́ ka nọ́ńbà ara ẹ̀. Ó fi ìka méjì di irin àárín mú, ó mì í sọ́tùn-ún sósì, ó mì díẹ̀. Ó ní ìyẹn ò burú, ọ́ìlì ló máa dí àyè yẹn. Ó wá tì í síwá, ó fà á sẹ́yìn. Ti àkọ́kọ́ ń ró kó, kó, ó gbé e kalẹ̀. Ìkejì ò mì síwá-sẹ́yìn, ṣùgbọ́n nígbà tó yí i, abẹ̀bẹ̀ ń ha ara ilé. Ìkẹta ti ní ẹnu ọ̀bẹ kékeré kan tó kán létí abẹ̀bẹ̀. Ìkẹrin la rà. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ní bàbá yìí ò jẹ́ kóun rímú mí.

N kò ní í gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tá a délé. Bàbá tú páìpù tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí tọ́bò, ó fẹnu fẹ́ ẹ, atẹ́gùn ò kọjá. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ gásíkẹ́ẹ̀tì nígbà tí wọ́n de tọ́bò ńlá yẹn ló ti kó sínú ẹ̀. Ká ní a kàn de tuntun mọ́ ọn ni, a ò bá máa padà lọ sí Ládípò kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ó fọ páìpù, ó pààrọ̀ ọ́ìlì, fíltà méjèèjì àti rọ́bà tó ya, ó da ọ́ìlì sínú tọ́bò fúnra ẹ̀ kó tó ṣáná. Ó wá pe dírẹ́bà, ó ní bó bá ti òkè dé, kò gbọ́dọ̀ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, kó jẹ́ kó máa mí fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, torí ara tọ́bò ṣì gbóná gan-an nígbà yẹn, ọ́ìlì tó bá sì dúró sójú kan nínú ẹ̀ á jóná, á di èédú.

Kì í ṣe àwa nìkan la ń ṣe àfojúdi sí ìtọ́jú o. Lọ́dún 1962, Oldsmobile gbé mọ́tò Jetfire jáde l'Amẹ́ríkà, ọ̀kan lára àwọn mọ́tò ilé tó kọ́kọ́ ní tọ́bò. Ó ní omi pàtàkì kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa rọ sínú ẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì má baà kàn gbà-gbà. Ọ̀pọ̀ àwọn òyìnbó tó rà á ni kò rántí rọ ọ́.

Típà gun òkè ọjọ́sí, kò rú èéfín, oṣù yẹn sì ni ẹ̀gbọ́n mi san owó ẹgbẹ́ kí àna wọn tó gbọ́ rárá.

Ó wá ku tọ́bò ńlá, torí ẹni tó tà á ní ọjà tóun bá ti tà, òun kì í gbà á padà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n kó o fún òun, òun máa tà á, òun á fi ra HX35 sínú Golf òun. Bàbá mẹkáníìkì ló dá a lóhùn. Ó ní nínú ọkọ̀ onípẹtiróòlù tí wọn ò ṣe fún tọ́bò, tọ́bò gan-an lówó ẹ̀ kéré jù. Písítìnì tó lè gbà á ńkọ́? Epo tó máa pọ̀ tó afẹ́fẹ́ yẹn ńkọ́? Bí epo bá kéré sí afẹ́fẹ́, iná inú ẹ́ńjìnnì á lu písítìnì jáde. Kílọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Bíréèkì ńkọ́? Ọmọ náà ní díẹ̀díẹ̀ lòun á máa rà wọ́n.

Èmi ni mo bi í léèrè ibi tó ti fẹ́ẹ́ sá a. Kò dáhùn, ó ń wo ìta. Lọ́dún 2008, Scott Kalitta, gbajúmọ̀ nínú wọn, kú sórí eré yìí ní New Jersey. Pápá tí wọ́n ṣe fún un ló wà, tòun ti akoto lórí. Lẹ́yìn ẹ̀ ni NHRA dín ibi tí àwọn ọkọ̀ tó yára jù ń sá kù sí nǹkan bíi 305 mítà. Ojú ọ̀nà Alábàtà ńkọ́, tí ọ̀kadà ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta mẹ́ta, tí típà tòun tòkúta sì ń yọ láti ẹ̀gbẹ́ títì?

Nígbà tí mo débẹ̀ gbẹ̀yìn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n mi ni tọ́bò ńlá ọ̀hún wà. Wọ́n fi ṣéènì so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sì wà lọ́rùn wọn. Ọmọ náà tẹ̀ lé mi dé ìta, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi bẹ Dádì." Mo ṣe bí ẹni pé ariwo típà tó ń kọjá ò jẹ́ kí n gbọ́.