Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti Yàrá Lórí Ìkànnì Ilé-Ìwé Wa

Látìgbà tí a ti ní ìkànnì inú ọgbà, ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí ṣáá: kí ló dé tí ojú-ewé kan ń ṣí wẹ́rẹ́, tí òmíràn ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù?

Ìkànnì yìí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú kọ̀ǹpútà kan ní igun láàbù ló wà. 192.168 ni àdírẹ́sì rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, ará ìta kò sì lè fi irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ wọlé wá. Bí dátà tán, ó ń ṣiṣẹ́. (Bí NEPA bá mú iná lọ, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.)

Mo pín in bí ilé àwọn bàbá wa. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni táìmù-tébù, oúnjẹ ọ̀sẹ̀ àti ìwé ìròyìn yìí wà. Ẹnikẹ́ni lè jókòó síbẹ̀. Máàkì ìdánwò wà ní yàrá.

Níbẹ̀rẹ̀, mo ṣe ojú-ewé login tó rẹwà, mo rò pé ó parí. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ JSS2 kan tẹ àdírẹ́sì ojú-ewé máàkì tààrà, kò tilẹ̀ gba ojú-ewé login kọjá, ó sì rí máàkì gbogbo kíláàsì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo họ́sítẹ̀lì ti mọ ẹni tó gba 9 nínú 100 ní Ìṣirò. Onítọ̀hún kò jáde wá jẹun alẹ́. Nínú bọ́dìn, níbí lókè Ọya tí ilé jìnnà, ibo lèèyàn fẹ́ sá sí? Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo ti ilẹ̀kùn iwájú, mo ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu.

Ní báyìí, gbogbo ojú-ewé inú yàrá ló ń béèrè fúnra rẹ̀ pé "Ta nìyẹn?" kó tó fi nǹkan hàn. Bí ẹ bá ti login, kọ̀ǹpútà yẹn á fún browser yín ní tíkẹ́ẹ̀tì kékeré kan, cookie ni wọ́n ń pè é. Òun ni browser ń fi hàn ní gbogbo ẹnu ọ̀nà. Síbẹ̀, mímọ ẹni kò tó. Ó tún gbọ́dọ̀ béèrè pé kí ló tọ́ sí ẹni náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, màá kàn yí 45 padà sí 46 nínú àdírẹ́sì, màá sì máa ka máàkì ọ̀rẹ́ mi.

HTTPS ńkọ́? Wi-Fi kan náà la jọ ń lò. Lórí HTTP lásán, ìhòòhò ni páásíwọ́ọ̀dù ń rìn, ẹni tó gbọ́n lè gbá a mú lọ́nà. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí HTTPS wa fúnra mi, ìdí nìyẹn tí browser fi ń pariwo tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá láàbù ti bá wa fi ìwé ẹ̀rí náà sórí gbogbo kọ̀ǹpútà ibẹ̀. Tí ìkìlọ̀ yẹn bá tún yọjú níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ẹ pè mí.

Ẹ sì tẹ "Jáde" kí ẹ tó dìde. Ẹlòmíràn ló kàn lórí àga yẹn.